Oṣù mẹ́jọ, eegun ò tíì so: ṣé abẹ́rẹ́ stem cell ni, àbí ká lọ s'Ẹ̀pẹ́?

Ìbéèrè látọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì, Ṣómólú:

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 29, iṣẹ́ dispatch ló ń ṣe. Danfo gbá a ní Ojúẹlẹ́gbá nínú òjò, eegun ojúgun ẹ̀ ṣẹ́, ó sì yọ síta. Kẹ́mísì la kọ́kọ́ gbé e lọ, ọjọ́ kẹta la tó dé ọsibítù, wọ́n fi irin sí i. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, kò lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa, X-ray ní eegun ò tíì so. Ihò kékeré kan wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ tó máa ń ṣe omi, á gbẹ, á tún ṣí. Ìyá wa ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun l'Ẹ̀pẹ́, ọ̀rẹ́ mi ní ibì kan wà ní Lẹ́kkí tí wọ́n ń gba mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ fún abẹ́rẹ́ stem cell, ẹlòmíì ní ká ra ẹ̀rọ ultrasound kan tí wọ́n ń tà lórí Facebook, pé á máa gbé e lé ẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Ó máa ń mu sìgá díẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Èwo ni ká ṣe nínú ẹ̀?

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ìtọ́jú àbúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Ìgbà àkọ́kọ́, owó Lẹ́kkí yẹn ló gbà mí lọ́kàn, ìgbà kejì ni mo tó rí i pé ohun tó ṣe kókó jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ sáré kọjá lórí ẹ̀ ni: ihò kékeré tó máa ń ṣe omi, á gbẹ, á tún ṣí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé Lẹ́kkí, Ẹ̀pẹ́ àti Facebook sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ihò yẹn ni ká jọ jókòó tì.

Mi ò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà o, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa sọ ojú abẹ níkòó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí eegun ti yọ síta, tó lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé tíátà, tí irin wà nínú ẹ̀, tí ihò tún wá ń ṣe omi lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, lójú tèmi kòkòrò ló wà nínú eegun yẹn títí dìgbà tẹ́nì kan bá fi hàn mí pé kò sí. Ní 2018 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi tó fẹnu kò lórí ohun tó yẹ ká máa pè ní kòkòrò nínú eegun tó ṣẹ́, torí kó tó dìgbà yẹn oníkálukú ló ń pè é bó ṣe wù ú. Lára àwọn àmì tí wọ́n ní kò ní àríyànjiyàn nínú ni ihò tó bá ti awọ wọlé lọ kan eegun tàbí irin, ọyún tó ń jáde náà wà níbẹ̀. Tó bá ti rí báyẹn, "bóyá" ti tán.

Ẹ ti fọ táǹkì omi rí, àbí? Táǹkì dúdú ẹ̀yìnkùlé yẹn, tí wọn ò bá fọ̀ ọ́ fún bí ọdún kan, ẹ fọwọ́ ra inú ẹ̀ wò, ẹ máa bá nǹkan kan tó ń yọ̀ bí ilá lára ẹ̀, ẹ da omi tuntun sí i títí, kò ní kúrò, àfi kẹ́nì kan wọ inú ẹ̀ kó ha á. Ohun tí kòkòrò ń ṣe lára irin nìyẹn. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fi nǹkan yíyọ̀ yẹn bora, antibiotic tẹ́ ẹ bá rà á pa àwọn tó jáde síta, ihò á gbẹ, ẹ̀yin á dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àwọn tó sùn sábẹ́ bora á tún jí. Ìdí tó fi ń gbẹ tó tún ń ṣí nìyẹn o, kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ó yá, stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì inú ara tó lè di eegun. Mi ò ní bú u, torí ìmọ̀ gidi wà nídìí ẹ̀, àwọn tó ń tà á ló ń bà á jẹ́. Dókítà Faransé kan wà, Philippe Hernigou, ní Créteil lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2005 lórí ènìyàn 60 tí eegun ojúgun wọn kọ̀ tí ò so. Wọ́n fa mùdùnmúdùn láti inú eegun ìbàdí àwọn ènìyàn náà fúnra wọn, wọ́n fi ẹ̀rọ yí i títí tí sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ fi ki, wọ́n wá gún un padà sí ojú ibi tó ṣẹ́ láì la ẹsẹ̀ rárá. 53 nínú 60 ló so. Nígbà tí wọ́n wá wo àwọn 7 tí ò so, wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ohun tí wọ́n gún fún wọn kéré gan-an sí tàwọn yòókù. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ni ni, mo ṣì máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi títí dòní.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí wàhálà wà fún àbúrò yín. Nínú àwọn 60 yẹn, kò sẹ́ni tí kòkòrò wà nínú eegun ẹ̀, irú wọn nìkan ni wọ́n mú. Ẹsẹ̀ tó ń ṣe omi ò bá wọn jókòó rárá. Àtipé wọn ò ní àwọn mìíràn tí wọ́n fi wé wọn, tí wọn ò gún fún, ká lè mọ iye tí ì bá so fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gún sẹ́ẹ̀lì tó dáa jù láyé sínú ọyún, oúnjẹ kòkòrò lẹ rà ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ó dà bí ìgbà tí páìpù ń jò nínú ògiri tẹ́ ẹ wá lọ ń pe pẹ́ńtà, pẹ́ńtà á gbowó ẹ̀ lọ, ògiri ò ní gbẹ.

Peter Giannoudis ní Leeds, nílùú Ọba, òun àtàwọn méjì mìíràn kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2007 pé igun mẹ́rin ni eegun dúró lé kó tó so: sẹ́ẹ̀lì tó máa kọ́ eegun, nǹkan tí wọ́n máa dì mú bíi igi àgbékà tí bíríkìlà ń gùn, èròjà inú ara tó ń pe sẹ́ẹ̀lì wá síbi iṣẹ́, àti kí ojú ibẹ̀ dúró gbọn-in láì mì jù. Ẹ tún fi ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn débẹ̀ dáadáa kún un. Igun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà ní Lẹ́kkí, bẹ́ẹ̀ igun kan ò gbé òrùlé dúró. Ẹ tiẹ̀ bi wọ́n, níbo ni sẹ́ẹ̀lì náà ti wá? Tí wọ́n bá ní inú ìgò ni wọ́n ti máa fà á, tí wọn ò fọwọ́ kan ìbàdí ẹ̀ rárá, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn lẹ fẹ́ rà, kì í ṣe ohun tí Hernigou ṣe. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn tó ń fọwọ́ sí oògùn lọ́hùn-ún, wọn ò tíì fọwọ́ sí stem cell kankan fún àìsàn eegun.

Ẹ̀rọ Facebook yẹn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ti dán an wò dáadáa, ènìyàn 501 tí ojúgun wọn ṣẹ́ tí wọ́n fi irin sí, wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí ò ṣe nǹkan kan, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lé ẹsẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Èsì ẹ̀ jáde ní 2016. Kò sí ìyàtọ̀ kankan, eegun ò yára so, wọn ò yára padà síbi iṣẹ́, wọ́n tiẹ̀ dá ìwádìí náà dúró kó tó pé iye tí wọ́n fẹ́ torí ó ti hàn pé asán ni. Eegun tuntun ni wọ́n dán an wò lára ẹ̀ o, èyí tó yẹ kó rọrùn jù. Ẹ fi owó yẹn ra ẹyin àti ẹja fún un.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí ohun kan wà tí àwọn ènìyàn ò mọ̀ nípa iṣẹ́ wa. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "ìwádìí tuntun," ohun tó máa wá sọ́kàn yín ni ẹ̀rọ tuntun, abẹ́rẹ́ tuntun, owó tuntun. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwádìí ńlá tó yí ọwọ́ wa padà láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ńṣe ni wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa. A máa ń fi ọṣẹ àti omi tó ń tú bí ìgbà tí wọ́n ń fọ mọ́tò fọ ọgbẹ́ eegun tó yọ síta, èrò wa ni pé bó bá ṣe le tó ló ṣe ń mọ́ tó. Ní 2015 èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó lé ní 2,400, àwọn tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ fún, 14.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà sí tíátà, àwọn tí wọ́n fi omi iyọ̀ lásán, irú èyí tó ń wà nínú dríìpù, 11.6. Ní ti bí omi ṣe le tó, kò yàtọ̀, títú jẹ́jẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ẹ wá ro ohun tí kẹ́mísì dà sí ojúgun àbúrò yín lọ́jọ́ yẹn, spirit, peroxide, Dettol, gbogbo ohun tó bá ṣáà ti ń ta ni wọ́n máa ń rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ inú ikùn tí wọ́n ń fún àwọn tí eegun wọn ṣẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì náà ńkọ́, èyí tí ẹbí ń sáré kiri ní Ìdúmọ̀tà láti rà? Ní 2023 èsì kan jáde lórí ènìyàn 12,211 tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ náà wé aspirin, oògùn tó wọ́ pọ̀ bí yanrìn, iye tó kú láàárín 90 ọjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún lápá méjèèjì. Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni lọ pààrọ̀ oògùn fúnra ẹ̀ o, dókítà ló máa pààrọ̀ ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tó wọ́n jù kọ́ ló ń wò jù.

Èyí tó kan àbúrò yín gan-an wà láàárín wọn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kòkòrò bá wọ eegun ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa fi gba antibiotic láti inú iṣan, ẹ ro iye béèdì, iye dríìpù, iye ọkọ̀ láti Ṣómólú lójoojúmọ́. Ní 2019 àwọn ọsibítù nílùú Ọba gbé ìwádìí kan jáde, OVIVA ni wọ́n pè é, ènìyàn 1,054 tí kòkòrò wà nínú eegun tàbí oríkèé wọn. Wọ́n fún àwọn kan láti inú iṣan, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn lílò lẹ́nu, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí ìtọ́jú ò ṣiṣẹ́ fún lápá ti inú iṣan jẹ́ 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ẹnu 13.2, ìyẹn ni pé ẹnu ò kéré sí iṣan. Ó lè fi ilé ara ẹ̀ ṣe ibi ìtọ́jú, kó máa jẹ ẹ̀bà ìyá ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má kàn dìde lọ ra antibiotic lónìí, torí nǹkan kan ló gbé OVIVA dúró: wọ́n mọ irú kòkòrò tí wọ́n ń bá jà, àwọn tó mọ̀ nípa kòkòrò ló sì yan oògùn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ṣáájú. Ẹ ò lè mọ irú kòkòrò láti orí awọ. Òwú tí wọ́n fi nu ojú ihò yẹn tí wọ́n gbé lọ sí lab, kòkòrò orí awọ ló máa sọ fún yín, ó máa ń ṣini lọ́nà. Inú tíátà ni wọ́n ti ń mú un, wọ́n á mú ẹran àti eegun kéékèèké láti ibi tó jìn, ó kéré tán márùn-ún, ojú ọ̀bẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, irú kòkòrò kan náà sì gbọ́dọ̀ jáde nínú méjì ó kéré tán ká tó gbà pé òun ni. Kí wọ́n tó mú un, wọ́n máa ń fẹ́ kẹ́ni náà ti dá antibiotic dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí ara ẹ̀ bá lè gbà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò á sá pamọ́, lab á ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ṣé ẹ wá rí i pé oògùn tẹ́ ẹ bá ń rà lọ́dọ̀ kẹ́mísì nígbà tí ihò bá ṣí, ojú ló ń fi eérú sí fún wa.

Tó bá jẹ́ kòkòrò lóòótọ́, iṣẹ́ abẹ ni, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Wọ́n á yọ irin náà, wọ́n á ha inú eegun bí ìgbà tí wọ́n ń ha táǹkì, eegun tó bá ti kú, wọ́n á gé e kúrò títí dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde. Tí àlàfo bá wá ṣí sílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. Ti Masquelet, dókítà Faransé kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1986, wọ́n á fi símẹ́ǹtì oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n pò mọ́ antibiotic dí àlàfo náà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ara á ta awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ yí símẹ́ǹtì náà ká, wọ́n á yọ símẹ́ǹtì, wọ́n á kó eegun láti ìbàdí ẹ̀ dà sínú àpò awọ yẹn. Ti ìkejì ni ti Ilizarov, dókítà ará Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Kurgan ní Siberia láti ọdún 1950 síwájú, ó fi òrùka irin yí ẹsẹ̀ ká, ó fi wáyà fà á le bíi sípókù kẹ̀kẹ́, ó gé eegun tó dáa níbòmíì, ó wá ń fà á mílímítà kan lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń yí nọ́ọ̀tì ẹ̀ lójúmọ́, eegun tuntun á máa hù tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó máa ń dun ni, ó máa ń pẹ́, àwọn ọmọdé àdúgbò á máa wo ẹsẹ̀ bí ẹni ń wo òpó tẹlifóònù. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìtàn yìí: Valery Brumel, ọmọ Rọ́ṣíà tó gba góòlù nínú ìdíje fífò sókè ní Òlíńpíìkì Tokyo 1964, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀kadà, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ọ̀kadà, fọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń la á tí wọ́n ń rán an tí ò so, kó tó dé ọ̀dọ̀ Ilizarov ní 1968. Ó padà fo sókè ju mítà méjì lọ. Mi ò ní àbúrò yín á fo mítà méjì o, kó ṣáà padà gun ọ̀kadà ẹ̀, kó sì rọra wà á.

Ẹ bá mi kí màámi yín lórí ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́. Mi ò kí ń bú àwọn bàbá tó ń to eegun, eegun tó ṣẹ́ lásán tí ò yẹsẹ̀, tí awọ ò ya, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló máa ń so lọ́wọ́ wọn, torí eegun fúnra ẹ̀ mọ bó ṣe ń so. Adìyẹ tí wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, pé tó bá ti ń rìn aláìsàn náà á rìn, adìyẹ yẹn á máa rìn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé adìyẹ ni. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni igi pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń dì le pinpin, ẹ̀jẹ̀ ò ní kọjá, ẹsẹ̀ á dúdú, mo ti gé ẹsẹ̀ irú wọn rí, inú mi kì í dùn lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ tí irin wà nínú ẹ̀ tí ọyún sì wà nínú ẹ̀, kò sóhun tí ìfọwọ́ra àti igi ìdì fẹ́ ṣe sí i.

Tí ọsibítù tó kọ́kọ́ fi irin sí i bá ní kẹ́ ẹ mú sùúrù, èmi ò dá wọn lẹ́bi. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 lórí àwọn tó lé ní 1,200 tí wọ́n fi irin sí ojúgun wọn, wọ́n kìlọ̀ fáwọn dókítà pé kí wọ́n má ṣe tún iṣẹ́ náà ṣe kó tó pé oṣù mẹ́fà, nígbà tó máa fi pé ọdún kan, 4.6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló nílò irin tuntun tàbí eegun àfikún torí pé kò so. Sùúrù máa ń so eegun. Oṣù kẹjọ àti ihò tó ń ṣe omi ló yí ọ̀rọ̀ tiyín padà.

Sìgá. Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín pẹ̀lú "mi ò ní purọ́" yẹn, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ló ń pa á mọ́. Sìgá ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹni tó ń mu ún, ewu pé eegun ẹ̀ ò ní so fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹni tí ò mu. "Díẹ̀" náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀ wò, kí wọ́n sì mọ genotype ẹ̀, torí tó bá jẹ́ SS, irú kòkòrò tí wọ́n máa wá tún yàtọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ kó gbogbo X-ray, láti èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má kó èyí tuntun nìkan, ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ nígbà iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ ọsibítù àkọ́kọ́ kí wọ́n lè mọ irú irin tó wà nínú ẹ̀. Ẹ lè lọ sí ọsibítù eegun tó wà ní Igbóbì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo irú ẹ̀ láti 1945 tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé, tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, èyí tó bá yá yín. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe CRP àti ESR, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tó sábà máa ń ga tí kòkòrò bá wà lára, ẹ sì sọ gbogbo antibiotic tó ti lò, pẹ̀lú ọjọ́ tó lò ó gbẹ̀yìn. Tí ibà bá mú un, tí ẹsẹ̀ bá wú tó pọ́n tó gbóná, ẹ má dúró de Mọ́ńdè, ẹ gbé e lọ lóru.

Tẹ́ ẹ bá wá jókòó níwájú dókítà, ẹ bi í pé mélòó ló máa mú lára eegun náà fún lab, àti pé kí ló fẹ́ fi irin tó wà níbẹ̀ ṣe. Tó bá ní márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ṣàlàyé irin náà fún yín, ẹ fi ọkàn balẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀. Tó bá ní òwú lòún máa fi nu ojú ihò, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ sì béèrè ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀.